Iyán Ọjọ́ Ajé

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ibà mú mi débi pé n kò lè dìde lórí ibùsùn. Òjò ń rọ̀, iná ti lọ, obìnrin tó ń bá mi dáná ti lọ sílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Yàrá márùn-ún ló wà nínú ilé Fadá tí mo ń gbé nígbà náà, èmi nìkan ni mo sì wà nínú rẹ̀. Mo mú fóònù, mo ń wo orúkọ. Àwọn alága ẹgbẹ́, káfíńtà tó ń kan àga ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀, àwọn ìyá ìjọ, orúkọ lọ súà. Ẹni tí mo lè pè ní aago méjì òru, kí n sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí, ni n kò rí.

Kì í ṣe pé kò sí rárá. Fadá kan wà ní ìlú kejì, ibi tí mọ́tò kì í fi ogún ìṣẹ́jú dé. Ọ̀gá ni sí mi ní sẹ́mínárì, ó fi ọdún mẹ́fà ṣáájú mi gba oyè àlùfáà, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ìjọ kékeré kan ló wà láàárín páríìṣì tirẹ̀ àti tèmi. Èmi ní abẹ́ mi ló wà, òun ní abẹ́ òun ni. Ìjọ náà kò ju ogójì ènìyàn lọ. Owó ìkórè wọn lọ́dún kò lè ra táyà mẹ́rin. Síbẹ̀ a jà lórí rẹ̀ níwájú àwọn àlùfáà yòókù bí ẹni pé Róòmù la fẹ́ pín.

N kò pè é. Àwọn ọmọ pẹpẹ tó wá lu aago Mísà ló bá mi nílẹ̀ yàrá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí ojú mi dá díẹ̀ ní ọsibítù, ó ti di ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì rí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹrẹ̀ ti ta sí gbogbo etí sùtánà rẹ̀, ó gbé fúláàsì ògì lé orúnkún. Ó ti ṣe Mísà méjì ní tirẹ̀, ó tún ti ṣe tèmi kó tó wá.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "tí o bá kú, ta ni kí n máa bá jà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu mi.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí a ti ń bọ̀. Ní Sẹ́mínárì Ńlá ti Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Bódìjà, Ìbàdàn, ni wọ́n ti kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Mẹ́tàlélógún ni wá nígbà tí a wọlé, mọ́kànlá nínú wa ló gba oyè. Èmi àti ẹni tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní bàtà gidi kan ṣoṣo, òun la fi ń ṣe ìdánwò alẹ́nusọ fún odindi ọdún kan. Tí ó bá jáde lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́, á bọ́ ọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, mà á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mà á wọlé. Bàtà náà tóbi fún mi. Mo máa ń ki bébà sí i níwájú.

Mo rò nígbà náà pé ìfẹ́ ló so wá pọ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Aago ló ń kó wa jọ sídìí oúnjẹ, yálà a fẹ́ràn ara wa tàbí a kò fẹ́ràn ara wa. Ẹni tí o bá jà ní àárọ̀, wàá bá a nídìí tábìlì lọ́sàn-án, òun ni yóò sì na abọ́ ọbẹ̀ sí ọ. Nígbà tí a gba oyè tán, kò sí ẹni tó lu aago fún wa mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù pín wa káàkiri bí ẹni ń fọ́n irúgbìn: ẹnì kan sí ìhà Ọ̀mùò, ẹnì kan sí ìhà Ẹ̀fọ̀n, ẹnì kan sí ìhà Ìjerò. Èkìtì kò tóbi, ṣùgbọ́n òkè pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó sì mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé máìlì kan lè di mẹ́ta. Kí ọdún méjì tó pé, ibi ìsìnkú bàbá tàbí ìyá ẹnì kan nínú wa nìkan la ti ń rí ara wa. A ó wọ aṣọ Mísà, a ó kọrin, a ó jẹ ìrẹsì, kálukú á wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

Ẹni tí a jọ ní bàtà yẹn ti fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn ní obìnrin ló fà á. Obìnrin wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá a lọ sí ibi tó ń gbé, ohun mìíràn ló sọ fún mi. Ó ní ọjọ́ kan wà tí òun sin ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan ṣoṣo, iná ló jó wọn. Òun padà sílé, òun bu oúnjẹ, kò sí ẹni tí òun lè sọ fún pé òun rí ohun tí òun rí. Òun jẹun. Òun wẹ̀. Òun sùn. "Ọjọ́ yẹn ni mo kúrò," ó ní, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni mo tún fi wọ sùtánà lẹ́yìn rẹ̀." Ó bi mí bóyá mo gbọ́ nípa ìsìnkú náà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Mo fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ránṣẹ́, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Kò bá mi wí. Ó bá mi ra mínírà kan, ó sìn mí dé ibùdókọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n rán mi lọ sí Írẹ́lándì fún ọdún mẹ́ta láti ran ìjọ ibẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ wa yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára mi. Àwọn Fadá SMA, ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon nílẹ̀ Faransé ní 1856, ló gbé ẹ̀sìn yìí wá bá àwọn bàbá wa. Brésillac fúnra rẹ̀ kò fojú rí èso rẹ̀: May 1859 ló gúnlẹ̀ sí Freetown, June ọdún náà ló kú síbẹ̀, ibà pọ́njú pa òun àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá a lọ. Nígbà tó yá, àwọn ará Írẹ́lándì wá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Títí di òní, Patrick Mímọ́ tí í ṣe ẹni mímọ́ ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi sọ Kàtídírà wa ní Adó. Èmi tí bàbá mi àgbà gba ìrìbọmi lọ́wọ́ òyìnbó Fadá ni mo wá ń lọ ṣe Mísà fún ọmọ ọmọ àwọn tó rán òyìnbó náà.

Fadá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kan ló gbà mí sílé. Ilé ńlá ni, yàrá méje, àtẹ̀gùn onígi. Àwòrán àwọn àlùfáà tuntun kún ara ògiri, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bí o ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè ni orí inú àwòrán ń dínkù: ogún, mẹ́rìnlá, mẹ́fà, ẹnì kan. Lókè pátápátá, ògiri lásán. Púpọ̀ nínú àwọn sẹ́mínárì ilẹ̀ náà ti ti ìlẹ̀kùn. Maynooth, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1795, tó ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ rí, iye tó kù síbẹ̀ kò jọ iye tí wọ́n kọ́ ilé náà fún mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá náà bi mí pé àlùfáà mélòó la jọ ń gbé ní ilé mi ní Nàìjíríà. Mo ní èmi nìkan ni. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun rò pé a pọ̀. Mo ní a pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú pọ̀ jù wá lọ.

"Ibi tí àwa parí sí nìyẹn," ó ní. "Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, àwọn mẹ́rin ló ń gbé ilé náà. Wọ́n ń jà lórí ìwé ìròyìn, wọ́n ń ta káàdì lálẹ́, wọ́n mọ ìgbà tí ẹnì kan bá mu ọtí ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kò wá sí sẹ́mínárì mọ́, kò sí ìlú tó fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì òun pa. Wọ́n bá ń pín wọn: mẹ́rin di méjì, méjì di ẹnì kan, ẹnì kan náà wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Kò sí ẹni tó fi ibi ṣe é. Ó ní ohun tí àwọn kò rò ni pé tí ọmọdé kò bá rí àlùfáà méjì kí wọ́n jọ máa rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tí yóò wù ú nínú iṣẹ́ náà.

N kò gbà á gbọ́ tán. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ilé ti dá sí lórí ni. Ìwé ìṣirò Vatican ṣáà wà níbẹ̀: iye ọmọ sẹ́mínárì ńlá ń dínkù káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n ní Áfíríkà, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan fẹ́ràn láti máa ka nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń ka owó ọjà.

Ọmọ kan ló là mí lójú lẹ́yìn tí mo padà dé. Ọmọ pẹpẹ ni, ó gbọ́n, ohùn rẹ̀ dùn, gbogbo ìlú ló ti ń pè é ní Fadá láti kékeré. Nígbà tó ku ọdún kan kó parí ilé ìwé girama, mo ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi kó lè rí bí iṣẹ́ ṣe rí. A jọ lọ bẹ àwọn aláìsàn wò, a jọ gbàdúrà, ó bá mi ka owó igbá. Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, mo bi í bó ṣe rí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó wá ní, "Fadá, ẹ má bínú. Ilé yín dákẹ́ jù."

Ó ti wà ní Kánádà báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ní òun kò tilẹ̀ mọ bí òun ì bá ṣe gbà, nítorí ọmọ méjì péré lòun bí. Òótọ́ nìyẹn náà. Ìyá tó bí mẹ́jọ lè fi ọ̀kan fún Ọlọ́run kó má wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ní ilé mi dákẹ́ jù.

Mo gbéra, mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ tí àlùfáà máa ń sinmi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa jẹun pọ̀ ní ọjọ́ Ajé." Ó wò mí, ó ní ta ni yóò sè é? Mo ní àwa ni. A pe Fadá kékeré kan mọ́ ọn, ọdún kejì rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́, ìlú kẹta ló wà.

Ká má tan ara wa, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dùn. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, a fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ nípa ta ni Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbé lọ síbo. Ọjọ́ kejì, Fadá kékeré ń tẹ fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ kẹta, Ẹ̀gbọ́n fi ìwàásù Fadá kékeré ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin. A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń ṣe wá. Láàárín àwa àlùfáà Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lágbára. Ó dára, n kò sọ pé ká pa á tì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹni kékeré dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, ó sì ń jẹ́ kí àgbà rò pé ìdákẹ́jẹ́ náà ni àlàáfíà. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èmi? Kí n lọ bẹ ọmọ tí mo kọ́ ní kátíkísìmù?" Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé iṣu mẹ́rin sí búùtù mọ́tò, ó lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò pè wá ní "Fadá" bí ẹni ń kí àlejò mọ́. Ó ń pè wá ní ẹ̀gbọ́n òun, ó sì ń bá wa jiyàn.

Iṣu mẹ́rin yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ iyán. Ta ni yóò wà ní Èkìtì tí yóò máa fi ìrẹsì ṣe oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi? A ra odó. Ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ gún un, kókó ló kún inú rẹ̀, ìyá tó ń bá mi dáná sì fi aṣọ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín síta. Tí ọmọ odó méjì bá ń bọ̀ nínú odó kan, àfi kí ẹ máa gbọ́ ẹsẹ̀ ara yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó fọ́ ara yín lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ìró rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tàn ká ọjà pé Fadá mẹ́ta ń gúnyán. Àwọn ọmọdé wá ń jókòó sórí ògiri ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé láti wò wá. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà ìsinmi, ọmọ sẹ́mínárì kan tí wọ́n rán wá sí páríìṣì mi dara pọ̀. Èmi rò pé yóò máa fọ abọ́. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, ká tò ó. Nígbà tó bá kàn mí láti fọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sí mi létí: pé Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti sọ ọ́ láti 1965, nínú ìwé lórí iṣẹ́ àlùfáà, pé kí àwọn àlùfáà máa gbé pọ̀ lọ́nà kan, tàbí kí wọ́n jọ máa jẹun, tàbí ó kéré tán kí wọ́n máa pàdé déédéé, pé Òfin Ìjọ ti 1983 náà tún un sọ ní ẹsẹ 280. Ọmọ sẹ́mínárì náà á máa rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó ń lọ, ó ní ohun tí òun kò rí rí ni kí àgbà Fadá tọrọ àforíjì lójú òun, òun sì rí i lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan.

Ní January 2024, ohun gbogbo yí padà. Ẹni tó wà ní Èkìtì lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé: wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé pẹ̀lú olùkọ́ wọn ní Ẹ̀múré. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún wa mọ́tò lálẹ́ lọ sílé lẹ́yìn iyán. A bá ní ká máa sun ibẹ̀. Oorun ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́ta, nítorí a rí i pé láti ilé kan a lè ṣe iṣẹ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú mọmọ.

Ni àwọn àgbà ìlú bá dé. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá, ìjòyè márùn-ún, wọ́n wọ agbádá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le nígbà tí wọ́n kọ omi. Olórí wọn ní, "Fadá, owó kòkó la fi kọ́ ulé yẹn. Àwọn ìyá wa ló ru yanrìn rẹ̀. Bí ẹ bá wá ń sùn ní ulú kejì, kí la kọ́ ọ fún?" Ẹ̀rín kò yẹ níbẹ̀. Ní Èkìtì, ìlú tí kò ní Fadá tirẹ̀ ń rò pé ìlú kejì ti fi ọwọ́ gbá òun lójú. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ibà fún wọn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹni tó bọ́ sùtánà. Wọ́n káàánú, ṣùgbọ́n wọn kò yí padà. Ẹ̀gbọ́n ló rí ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, kí la ti rí i bí a bá ń yí i po? Ọ̀sẹ̀ kan níbí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tó bá kàn yín, Fadá mẹ́ta ni yóò máa sùn ní ìlú yín." Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan bèèrè bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò wà níbi ọdún ìlú. Nígbà náà ni wọ́n mu omi.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé Fadá kékeré lọ sí òpin díósíìsì lọ́hùn-ún. Mo bínú, n kò fi pamọ́, ṣùgbọ́n ìgbọràn ni a jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú ọmọ odó kan lọ. Ó ní òun ti rí Fadá méjì nítòsí òun níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò lè gún nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀ kò tíì dá wa lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè é. Ó ní òun dúpẹ́, òun á wá, iṣẹ́ pọ̀. Mo mọ ohùn yẹn dáadáa, tèmi ni.

Ẹ̀gbọ́n ní ká má pè é mọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, odó ló máa wọ búùtù, iṣu á wà lórí àga ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó ti gún un.